Pátákó Tó Kẹ̀yìn Sọ́nà

Obìnrin kan wà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò lè jókòó mu ife tíì kan tán. Bó bá mu ún dé ìdajì, á ti dìde, á gbé súpánà, á yọjú síta wo bí ojú ọ̀run ṣe rí, á sì gbàgbé ibi tó gbé ife sí. Ojú fèrèsé ni ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣa ife, abẹ́ àga, inú àpótí irinṣẹ́, títí kan orí ọgbà. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé. Orúkọ náà kò bí i nínú. Ó ní ẹsẹ̀ tó bá ń gbélé, wíwú ló máa ń wú.

Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Yàrá iwájú ilé wọn ni wọ́n pín sí méjì. Apá ọ̀tún jẹ́ ti kẹ̀kẹ́, ó ń rùn fún gíríìsì àti rọ́bà. Apá òsì jẹ́ ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó mọ́ tónítóní débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wàá rí i. Ìlà ṣọ́ọ̀kì kan ló pààlà láàárín wọn. Bí táyà bá yí kọjá ìlà, télọ̀ á rọra fi ẹsẹ̀ tì í padà, kò ní sọ nǹkan kan. Bó ṣe máa ń ṣe ohun gbogbo nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú ń bí i, àfi kó lọ bi ògiri.

Ṣé ẹ mọ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ wọ igbó? Kì í ṣe àwọn tó ń sáré lórí ọ̀dà o. Àwọn tí mò ń wí yìí, ọ̀nà yangí ni wọ́n fẹ́ràn, ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tí awakọ̀ gidi máa ń bú. Táyà kẹ̀kẹ́ wọn fẹ̀ díẹ̀, ó ní eyín, ó ń gba inú ẹrẹ̀, ó ń gba orí òkúta. Ẹgbẹ́ wọn kan wà nílùú náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì máa ń gun ọ̀nà gígùn kan. Wọ́n á gbéra lẹ́bàá afárá, wọ́n á tẹ̀lé odò gba àárín àfonífojì, wọ́n á yà sínú igbó, wọ́n á gun òkè dé téńté, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, níbi tí àwọn aṣọ́gbó ní ilé kékeré kan sí. Wọ́n á sinmi níbẹ̀ kí wọ́n tó padà sílùú. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ló máa ń bá wọn wá ọ̀nà. Òun ló mọ ibi tí omi ti ya ilẹ̀, ibi tí igi ti wó dínà, ibi tí iyanrìn ti lè gbé táyà mì. Lẹ́yìn náà á fi okùn so pátákó pupa kéékèèké mọ́ igi ní gbogbo oríta, á sì ya ọfà funfun sí i, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ ibi tí yóò yà sí.

Iṣẹ́ yẹn ló ti jẹ gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ láti ọdún gbọ́ọrọ. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló ń lé e síta. Bó bá pẹ́ nílé díẹ̀, ara á máa yún un, á máa bá ìkòkò jà, á máa bá ilẹ̀kùn jà. Ìgbà tó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá afárá tó gbúròó odò lara tó ń tù ú. Àwọn tó fi sílé ni ara kì í tù.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ó jọ bàbá rẹ̀ bí ìmumu, ó sì jẹ́ adákẹ́jẹ́ẹ́ bíi tirẹ̀, ni ìyá rẹ̀ bá ń pè é ní Ọmọ-bàbá-ẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ẹ̀bá fèrèsé ni ibùjókòó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ìyá á wá dé, ẹrẹ̀ á ti kún un dé ọrùn, á máa kígbe pé, "Ọmọ mi dà?" Ọmọ á ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," á sì wọ yàrá lọ. Ó parí síbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó dàgbà, ó ríṣẹ́ sí ilé ìfowópamọ́ kan, ó ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì láti àárọ̀ dalẹ́. Gbogbo ayé ló sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé òun ò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́ títí òun á fi kú.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yìí wọlé lọ́jọ́ kan, tó ní, "Màmá, ẹ bá mi to kẹ̀kẹ́ kan, mo fẹ́ bá wọn gun tọdún yìí," ńṣe ni súpánà bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Mo kàn fẹ́ lọ wo ohun tó wà níbẹ̀ ni."

Ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́, kò sí ìjà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ ìyá rẹ̀ lákínyẹmí ara. Ó yé e. Ọmọ náà fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ohun tó dùn ju òun lọ, tí ìyá fi ń fi òun sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Bó bá débẹ̀ tó rí i pé igbó lásán ni, pé òkúta lásán ni, ọ̀rọ̀ bùṣe láàárín wọn. Láti ọjọ́ yẹn, Ẹsẹ̀-ò-gbélé kò ní àdúrà mìíràn ju pé kí ọ̀nà náà dùn mọ́ ọmọ òun. Ó to kẹ̀kẹ́ náà, ó tú u, ó tún un tò. Ó fi òróró sí ṣéènì títí télọ̀ fi bi í bóyá ó fẹ́ dín in ni.

Àmọ́ orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un. Tọ̀tún ti wú láti ìgbà òjò. Dókítà tẹ̀ ẹ́ wò, ó yà á ní fọ́tò, ó ní kò gbọdọ̀ fi gun òkè rárá lọ́dún yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pá ni yóò máa tì. Télọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe délé ló tú ìjókòó kúrò lórí kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì tì í mọ́ inú àpótí aṣọ. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Télọ̀ ní òun gbọ́, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ta ni yóò wá so pátákó? Alága ẹgbẹ́ ní kó má ṣèyọnu, àwọn á rán ẹlòmíì. Ẹlòmíì kẹ̀! Lórí ọ̀nà tí ọmọ òun yóò gbà! Ó dúró títí télọ̀ fi jáde lọ ra òwú, ó yọ ìjókòó kúrò lára kẹ̀kẹ́ oníbàárà kan, ó kó pátákó àti okùn sápò. Ó mọ̀ pé òun ò lè gun òkè. Ṣùgbọ́n dókítà kò sọ̀rọ̀ nípa sísọ̀ kalẹ̀, àbí ó sọ ọ́? Awakọ̀ kan wà tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó gẹdú, ó sì jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ọkùnrin yẹn gbé e tòun ti kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀yìn òkè lọ sókè téńté, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ síbẹ̀. Obìnrin yìí wá ń yí bọ̀ nísàlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń so pátákó bó ṣe ń bọ̀, orúnkún ò dùn ún, ó ń kọrin, ó ń bá igi sọ̀rọ̀. Ó tilẹ̀ rántí pé òun ń bọ̀ nísàlẹ̀, òkè sì ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń lọ, nítorí náà ó yí gbogbo ọfà padà kí ó lè júwe ọ̀nà tiwọn. Ó yin ara rẹ̀ fún ìyẹn.

Télọ̀ kò tíì dé nígbà tó délé. Ó dá ìjókòó oníbàárà padà sáyè rẹ̀, ó po tíì, kò mu ún tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbéra, ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́bàá afárá. Ó ń tẹ táyà rẹ̀ wò bí ẹní ń tẹ ìbẹ́pẹ ọjà. "Má bá àwọn aláriwo wọ̀nyí sáré o. Máa rọra lọ. Ní gbogbo ibi tí wàá ti yà, wàá rí pátákó mi. Ibi tí o ò bá ti rí pátákó, máa lọ tààrà ni, ọkàn ẹ balẹ̀."

"Mo ti gbọ́, mà."

"Tààrà o."

"Màmá, mo ti gbọ́."

Wọ́n lọ. Ẹsẹ̀-ò-gbélé àti télọ̀ gba ọ̀nà mọ́tò lọ sí ilé àwọn aṣọ́gbó ní òdìkejì òkè, nítorí àwọn méjèèjì ni ẹgbẹ́ fi sí ìdí omi àti ọsàn. Ilé onípákó kékeré ni, ó ní àga gígùn kan níwájú. Télọ̀ jókòó sórí àga, ó gbé páànù sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọsàn. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ń tiro lọ, ó ń tiro bọ̀.

"Jókòó."

"Mo ti jókòó."

"O wà lórí ìdúró, ìyá ọmọ mi."

Ó jókòó. Kò pẹ́ tó tún dìde. Ó to ife, ó da ife rú, ó tún un tò. Ó lọ wo ẹnu ọ̀nà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa gbà yọ, ó padà, ó tún lọ.

"Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń dúró de èèyàn nìyẹn," ni télọ̀ wí, kò gbójú sókè.

"Ṣé ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni?"

"Ó ní in. Má wo ọ̀nà. Bí o bá ń wò ó, gígùn ló ń gùn sí i. Wá nǹkan fún ọwọ́ ẹ ṣe."

Ó gba ọbẹ kejì, ó gé ọsàn kan, ó gé ìka ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó bá ju ọbẹ sílẹ̀. Télọ̀ fi aṣọ dì í ní ìka, ó sì padà sídìí ọsàn tirẹ̀.

Àwọn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Tísà kan tó sanra ló ṣíwájú, ẹni tó ti ń bá wọn gun ọ̀nà náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ọrùn ara rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ so pátákó fún? Ṣé àwọn ọ̀bọ ni? A ó ti kọjá igi tán, a ó wá bojú wẹ̀yìn, ìgbà náà la ó tó rí i pé pátákó wà lára ẹ̀. Ọrùn mi ti wọ́!"

Ẹsẹ̀-ò-gbélé bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ìdajì tó fi kú sí i lẹ́nu. Ọkàn rẹ̀ ti padà sórí òkè. Ó rí ara rẹ̀ tó ń bọ̀ láti òkè, tó ń so pátákó sí ẹ̀gbẹ́ igi tó kọjú sí òun, níbi tí ojú òun ti lè rí i dáadáa. Ọfà ló yí padà. Kò yí pátákó. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn igi nìkan ló máa rí.

Àwọn ògbólógbòó mọ ọ̀nà, àwọn ọ̀gbẹ̀rì sì ń tẹ̀lé ara wọn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí ewu fún wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún pé kó má sáré bá wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún pé ibi tí kò bá ti rí pátákó, kó máa lọ tààrà. Ní oríta tó wà lẹ́bàá àpáta ńlá, tààrà ni ọ̀nà àwọn agégẹdú àtijọ́. Ọ̀nà yẹn dára lójú, ó tẹ́jú, ó ń pe èèyàn, ṣùgbọ́n òjò ti gé iwájú rẹ̀ lulẹ̀ sínú ọ̀gbun. Ẹsẹ̀-ò-gbélé mọ̀, nítorí díẹ̀ ló kù kí òun fúnra rẹ̀ bá ọ̀gbun náà lọ lọ́dún tó kọjá.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bóyá ọmọ náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń yọ, bí kò bá ti jẹ́ ojú ọmọ rẹ̀ inú á bí i sí onítọ̀hún, bí ẹni pé ó jí àyè ọmọ náà. Níkẹyìn akẹ́yìn dé, ìyẹn obìnrin nọ́ọ̀sì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn gbogbo èèyàn kí ẹnikẹ́ni má bàa kù sínú igbó.

"Ó ti parí o, mà. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi mọ́."

"Ọmọ mi ń kọ́?"

Akẹ́yìn wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé kò tíì dé ni? Mo rò pé ó wà níwájú."

Ẹsẹ̀-ò-gbélé já kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, orúnkún yẹ̀, òun àti kẹ̀kẹ́ bára wọn nílẹ̀. Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ibi tó wà nílẹ̀ náà ló ti sọ gbogbo rẹ̀ jáde: pátákó, ọ̀nà agégẹdú, ọ̀gbun. Ẹnu ya gbogbo èèyàn. Aṣọ́gbó kan fò sórí alùpùpù rẹ̀, tísà gùn ún lẹ́yìn, wọ́n gba inú igbó lọ. Wọ́n ń pe fóònù ọmọ náà, kò lọ, nítorí fóònù kì í gbà lórí òkè yẹn.

Télọ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ dìde, ó mú un jókòó sórí àga. Ó tún gbé páànù sórí itan.

"Awakọ̀ gẹdú ló gbé mi gòkè," ni obìnrin náà wí.

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Etí ṣòkòtò rẹ kún fún ìyẹ̀fun igi gẹdú. Èmi ni mo gbọ̀n ọ́n dànù."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ nǹkan kan?"

"Mo ti gba ìjókòó kẹ̀kẹ́. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ gbà? Orúnkún?"

Ó gé ọsàn mìíràn. Páànù ti kún, ó ti ń tò ó sórí àga báyìí, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ti jẹ yó. Ẹsẹ̀-ò-gbélé wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó nílẹ̀ láìsí ìlù, ọwọ́ rẹ̀ ń já òwú lára aṣọ tó fi di ìka, ọkàn rẹ̀ ń sáré lọ síbi ọ̀gbun, ó ń padà, ó tún ń lọ. Ó ń gbọ́ ìró alùpùpù níbi tí kò sí. Gbogbo èèyàn ń sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Ibo ló fẹ́ fi balẹ̀ sí?

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà lára yín ṣá, bàbá ọmọ mi?" ló pariwo. "Ọmọ yín ló wà nínú igbó! Ọmọ yín! Ẹ wá jókòó ẹ ń gé ọsàn!"

Télọ̀ ní, "Mo gbọ́." Ó ń gé ọsàn lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹnì kan kígbe. Kẹ̀kẹ́ kan ń sọ̀ bọ̀ láti orí òkè, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ẹni tó gùn ún kún fún ẹrẹ̀ dé irun, ewé há sí i léjìká. Ọmọ náà ni. Alùpùpù ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, tísà ń juwọ́ bí ẹni tó bí i. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rí i kí ó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti bí i.

"Níbo lo wà? Níbo lo wà látàárọ̀?"

"Ọ̀nà ló tán níwájú mi, Màmá. Ó kàn tán ni! Mo tẹ bíréékì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo yọjú. Mo rí gbogbo àfonífojì látòkè dé ìsàlẹ̀. Odò yẹn, ẹ wo bó ṣe ń ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ! Òjìji ìkùukùu ń rìn lórí igbó. Mo wá jókòó. Ẹ ò sọ fún mi rí pé bó ṣe rí nìyẹn."

"O jókòó sétí ọ̀gbun?"

"Mo jìnnà sí i díẹ̀. Nígbà tó yá, mo ń padà bọ̀ sí oríta, mo wá rí pátákó yín tó kọjú sí mi. Ọ̀nà ni mo wà tí wọ́n fi bá mi."

"A ń kú níbí! A rò pé o ti kú, àwa náà ń kú lọ níbí!"

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ náà. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó wo òkìtì ọsàn tó wà lórí àga. "Ẹ má bínú," ló wí. "Mo gbàgbé pé ẹ ń dúró dè mí."

Kò sí àrékérekè nínú rẹ̀, bó ṣe rí gan-an ló sọ ọ́. Ohun tí Ẹsẹ̀-ò-gbélé fi gbogbo ọdún náà gbàdúrà fún ló wà níwájú rẹ̀ yìí. Ọ̀nà náà dùn mọ́ ọmọ rẹ̀ débi tí kò fi rántí wọn mọ́. Àdúrà gbà, ó sì dùn ún wọra.

Ó di ọmọ náà mú, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún dì í mọ́ra, ẹrẹ̀ kún òun náà. Ọmọ jẹ ọsàn, ó jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti ń jìyà. Bàbá rẹ̀ ní kó gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn mọ́tò kí wọ́n jọ máa lọ sílé. Ọmọ mi orí, ó ní ó ku apá ìparí, òun àti akẹ́yìn á jọ gùn ún dé ìlú.

"Ẹ máa lọ ní tiyín," ló wí. Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé e. "Ẹ má dúró dè mí o."

Ó lọ. Ó kọ́kọ́ wọ ìbòòji igi, ó wá wọ kọ̀rọ̀, wọn ò rí i mọ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ yòókù náà gbéra, aríwo wọn sì tẹ̀lé wọn lọ. Ó wá ku tọkọtaya lórí àga gígùn náà, àti ọsàn tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ.

Ẹsẹ̀-ò-gbélé jókòó. Ó ṣì ń fetí sí ẹ̀yìn kọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ọ̀nà tó kù kò ní ewu kankan. Ó ń ro bí yóò ṣe rí títí di ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ máa délé, ó sì rí i pé òun ò ní lè fara dà á.

"Bàbá ọmọ mi," ló wí, "báwo lẹ ṣe ṣe é, gbogbo ọdún wọ̀nyẹn?"

Télọ̀ tún na ọwọ́ mú ọsàn kan. Ó gbé ọbẹ sí i, ọbẹ náà sì yẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ṣe é?"

Ó fẹ́ tún un gé, obìnrin náà bá gba ọbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé páànù sórí itan ara rẹ̀, òun ló wá ń gé ọsàn.